Bọ́nẹ́ẹ̀tì Tó Kọ̀ Tí Kò Ṣí Lọ́nà Ìlú Ìdúró-Díẹ̀

Ẹ gbé irin yẹn sílẹ̀. Ìwọ Múráínà, ìwọ tí o jẹ́ ọ̀gá mẹkáníìkì, sọ fún àwọn ọmọ rẹ kí wọ́n gbé e sílẹ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀ dúró síbẹ̀, ó ń wo bí ẹ ṣe fẹ́ fi irin fa imú ọkọ̀ rẹ̀ ya, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Bọ́nẹ́ẹ̀tì tí kò ṣí kì í ṣe ọ̀tá yín. Ẹ wá nǹkan jókòó lé. Kí ẹni tó rí táyà jókòó sórí táyà, kí ẹni tó rí àpótí jókòó sórí àpótí. Èmi àgbà ọdẹ fẹ́ fi ẹnu rìn padà sí ibi tí ẹsẹ̀ mi ti dé rí, ẹni tó bá fẹ́ bá mi lọ, kó fi etí rẹ̀ ṣe bàtà.

Orúkọ mi ni Ọdẹ́ṣínà, ọmọ a-tẹ-ewé-gbígbẹ-má-dún. Nígbà tí mo wà lọ́kùnrin, bí mo bá wúkọ́ nínú oko, àwọn ẹfọ̀n á máa bi ara wọn léèrè pé ta ló kàn lónìí. Ìwọ tí ò ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ jáàkì yẹn, lọ bi bàbá rẹ, ẹran tí mo pa ni wọ́n fi se ọbẹ̀ ìgbéyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ìtàn agbára mi. Ìtàn ìtìjú mi ni, ó sì pẹ́ gan-an kí n tó lè máa sọ ọ́ ní gbangba.

Obìnrin kan wà ládùúgbò wa tó ń jẹ́ Ìbídùn. Ó ń fi ọkọ̀ kó iṣu láti oko wá sí ìlú, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń wa ọkọ̀ náà. Ìyá rẹ̀ ń jẹ́ Ẹfúnyẹmí, oníbàárà mi ni, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ kan, ìyá yìí bá ọmọ rẹ̀ wí níwájú àwọn àna rẹ̀, ó ní ọmọ-ọmọ òun ń rìn kiri láìwọ bàtà bí ọmọ tí kò ní ìyá. Ojú ti Ìbídùn, inú sì bí i. Ó dá ìyá rẹ̀ lóhùn pé, "Ẹ má fi ẹsẹ̀ yín tẹ ilé mi mọ́." Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣe é kó. Ìyá náà tún gèlè rẹ̀ wé, ó jáde, kò sì padà wá mọ́. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni wọn kò fi rí ara wọn. Lójoojúmọ́ ni Ìbídùn ń sọ pé tó bá di ọ̀la, òun á lọ bẹ ìyá òun, ọ̀la kò sì dé, títí ìyá náà fi sùn tí kò jí mọ́.

Ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn ikú ìyá ni Ìbídùn wá bá mi. Kò sunkún. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó jókòó ti ògiri, ó ń fi ìka fa ilẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "mo gbọ́ pé ìlú kan wà."

Mo mọ ìlú tó ń wí. Gbogbo ọdẹ ló mọ̀ ọ́n, a kì í kàn án sọ ni. Ìlú Ìdúró-Díẹ̀ ni, ó wà ní òpin àwọn igbó, níbi tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ti ń sinmi fún ọjọ́ méje kó tó wọlé lọ pátápátá. Ẹni tó bá dé ẹnubodè ibẹ̀ kí oòrùn ọjọ́ keje tó wọ̀, yóò rí ẹni rẹ̀. Bí oòrùn bá wọ̀, ó parí nìyẹn, kò sí ìríni mọ́. Bí a bá fi ẹsẹ̀ rìn, ìrìn ọjọ́ mẹ́jọ ni. Bí a bá fi mọ́tò lọ, a lè dé ibẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, bí mọ́tò kò bá dá wa dúró.

"Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo fẹ́ bá ìyá mi sọ," Ìbídùn ní. "Mo fẹ́ ní kí wọ́n dárí jì mí. Ẹ mú mi lọ, Ẹ̀gbọ́n. Ọ̀la ló kù."

Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì gbà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wọ inú ilé lọ dágbére fún àwọn ọmọ rẹ̀, ó fi mí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo rántí pé àwọn iwin tó wà nínú igbó tí a fẹ́ gbà kọjá fẹ́ràn bátìrì mọ́tò, wọ́n ń lá a bí ẹran ọ̀sìn ṣe ń lá iyọ̀. Mo ní èmi Ọdẹ́ṣínà kọ́ ni iwin máa jà lólè. Mo wọ inú ọkọ̀, mo fa irin kékeré tó ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo gbé e sókè. Mo mú ìkarahun ìgbín, mo mú àjákù ìgbálẹ̀, mo mú àkísà pupa, mo so wọ́n pọ̀, mo sì fi okùn ọdẹ dì wọ́n mọ́ ìdí wáyà tó ń fa ìkọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì náà. Mo wí fún un pé, "Ọwọ́ tó bá fẹ́ ṣí ọ, kó má rí ọ ṣí." Mo pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, mo nu ọwọ́ mi, inú mi sì dùn sí ara mi.

Ẹ̀yin náà mọ ààlè. Bí èèyàn bá di igi ìdáná sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, á pa ààlè sí i kí olè má baà gbé e. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni igi ló ń pa ààlè sí igi. Èmi pa ààlè sí ohun tí kì í ṣe tèmi, n kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, n kò sì sọ fún un. Ààlè bẹ́ẹ̀ kì í mọ olè yàtọ̀ sí olóhun. Mo mọ èyí láti kékeré, bàbá mi kọ́ mi dáadáa. Ìgbéraga ni kò jẹ́ kí n rántí.

A gbéra. Igbó tí a kọ́kọ́ wọ̀ ni Igbó Òùngbẹ. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ni òùngbẹ ń gbẹ. Àwọn igi yọ ahọ́n jáde láti inú èèpo wọn, àwọn òkúta la ẹnu sílẹ̀ wọ́n ń retí òjò tí kò rọ̀ láti ọjọ́ tí a ti dá ayé. A kò tíì rìn jìnnà nínú igbó yìí tí òùngbẹ fi mú ọkọ̀ náà. Èéfín funfun bẹ̀rẹ̀ sí í rú ní imú rẹ̀. Ìbídùn yára pa á.

"Omi rédíétọ̀ ti gbẹ," ó ní. "Bí mo bá wà á síwájú báyìí, ẹ́ńjìnnì á kú pátápátá. Ẹ bá mi wá omi, Ẹ̀gbọ́n."

Omi kan ṣoṣo ló wà nínú igbó náà, iwin kan ló sì jókòó tì í. Ahọ́n-Gbálẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ahọ́n rẹ̀ gùn láti ẹnu dé ilẹ̀, ó ká ìyókù rẹ̀ sí èjìká bí aṣọ. Òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ mu nínú omi tó ń ṣọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá a. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo káàánú rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kó hàn lójú mi.

"Mo fẹ́ bi yín ní àlọ́ kan," iwin náà ní. "Kí ló ń mu omi tí kò ní ọ̀fun, tó ń jẹ iná tí kì í jóná, tó ń ru èèyàn tí kì í sì í ṣe ẹrú? Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ ó bu omi."

Mo fọwọ́ pa irùngbọ̀n mi. Mo ní, "Àlọ́ ọmọdé nìyí. Ẹṣin ni."

Ahọ́n náà gbá mi lẹ́nu, ó sì sọ mí sínú igbó ẹ̀gún. Mo dìde, mo gbọn ara mi, mo ní, "Mo ń dán ọ wò ni. Ọkọ̀ ojú omi ni." Ahọ́n tún gbá mi, mo tún padà sínú ẹ̀gún. Mo ń ronú èsì kẹta nígbà tí Ìbídùn sọ̀rọ̀ láti ibi tó fara tì, ó ní, "Mọ́tò ni. Ohun tó gbé wa wá rèé."

Iwin náà ní òótọ́ ló sọ, ó sì fún wa ní kẹ́ẹ̀gì omi kan tó kún dẹ́nu. Ẹ má rẹ́rìn-ín mi o. Mo ti mọ èsì náà látilẹ̀, mo kàn fẹ́ kí obìnrin náà rí nǹkan sọ ni.

Ìbídùn fi ayọ̀ wọ inú ọkọ̀, ó fa irin tó ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò ṣí. Ó tún fà á. Kò ṣí. Ó fi gbogbo agbára rẹ̀ fà á lẹ́ẹ̀kẹta, a sì gbọ́ ohun kan tó dún "táú" nínú ọkọ̀. Irin náà rọ̀ jọwọlọ sí i lọ́wọ́. Wáyà ti já.

Ẹ̀rù bà mí. Ọkàn mi sọ fún mi lójú ẹsẹ̀ pé, "Ọdẹ́ṣínà, ààlè rẹ ni." Mo sọ fún ọkàn mi pé kó dákẹ́. Mo kígbe mọ́ mọ́tò, mo ní àwọn tó ṣe é kò mọ iṣẹ́. Mo kígbe mọ́ igbó, mo ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ló ń jẹ irin. Mo tilẹ̀ bi Ìbídùn bóyá ó fi ọwọ́ òsì fà á. Ó ní, "Rárá o, Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ ọ̀tún ni." Ó wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé òun ló jẹ̀bi. Bí mo bá rántí ojú tó fi wo ọwọ́ yẹn, ó máa ń dùn mí títí di òní.

Omi wà nílẹ̀, òùngbẹ ń gbẹ ọkọ̀, bọ́nẹ́ẹ̀tì sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Mo yọ àdá, mo ki ẹnu rẹ̀ bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo fi gbogbo ara gbé e. Ẹ̀gbẹ́ kan ká sókè bí etí ajá, ìkọ́ kò sì tú. Àánú wa ṣe Ahọ́n-Gbálẹ̀, ó wá fi ahọ́n rẹ̀ di imú ọkọ̀ mú, ó fà á títí ó fi gbé gbogbo iwájú ọkọ̀ kúrò nílẹ̀. Bọ́nẹ́ẹ̀tì kò ṣí. Ó tilẹ̀ le sí i. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Múráínà, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí àwọn ọmọ rẹ gbé irin wọn sílẹ̀.

Oòrùn ti dé àtàrí. Ìbídùn jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó fi aṣọ bo ojú. "Wọ́n ń dúró dè mí," ó ní. "Wọ́n á rò pé n kò fẹ́ wá." Mo dúró, mo ń wò ó. Ọ̀rọ̀ náà wá sí ètè mi, ó sì tún padà sínú. Ojú ń tì mí, ẹ jọ̀wọ́. Àgbà ọdẹ ni mí, ọmọ tí mo lè wí fún ló jókòó níwájú mi, n kò mọ bí màá ṣe sọ pé èmi ni.

Iwin náà bá wa ti ọkọ̀ dé òpin igbó rẹ̀. Níbẹ̀ ló dúró, kò lè kọjá. Ó ní kí a bá òun kí òjò bí a bá rí i níbikíbi.

Èmi àti Ìbídùn ti ọkọ̀ náà dé ìlú tó wà níwájú, Ìlú Onídérí. Ohun gbogbo ló ní ìdérí níbẹ̀. Wọ́n dé kànga, wọ́n dé ìkòkò, wọ́n dé fèrèsé, wọ́n sì dé igbá mọ́ ojú ara wọn, abẹ́ igbá ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé a ní ohun tí ìdérí rẹ̀ kò ṣí, gbogbo ìlú tú jáde. Ọba wọn wá fúnra rẹ̀, igbá tirẹ̀ tóbi ju ti gbogbo wọn lọ. Ó fọwọ́ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì náà, ó mí kanlẹ̀.

"Láti ọjọ́ tí mo ti gun orí oyè," ó ní, "ohun gbogbo tí mo ń dé ni wọ́n ń rí ṣí. Èyí lọ́lá jù mí lọ. Ẹ gbé e wá sí ààfin kí a máa bọ ọ́."

Ìbídùn wólẹ̀ níwájú ọba. Ó sọ ti ìyá rẹ̀ fún un láìfi ohunkóhun pamọ́, ó sọ ohun tí òun fi ẹnu ara òun sọ, ó sọ ti oṣù mẹ́jọ náà. Ọba gbọ́ ọ tán. Nígbà tó yá ó ní òun náà ní ìyá, òun kò ní fi agbára mú un. Ó nawọ́ sí igi kan. "Bí òjìji igi yìí bá kan ògiri yẹn tí ìdérí yìí kò tíì ṣí, ẹ kò lè bá oòrùn mọ́, kí ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún wa. Bó bá ṣí ṣáájú, ẹ máa lọ. Ẹ pe alágbẹ̀dẹ wá fún wọn."

Arúgbó obìnrin ni alágbẹ̀dẹ náà, Ògúnrẹ̀mílẹ́kún lorúkọ rẹ̀. Òun nìkan ni ojú rẹ̀ wà ní gbangba ní gbogbo ìlú náà, nítorí èèyàn kò lè fi igbá bo ojú kó sì máa wo irin nínú iná. Kò mú irin kankan wá. Ó gbé etí lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi ìka kàn án níbí, ó kàn án lọ́hùn-ún, bí ẹni tó ń yẹ iṣu wò bóyá ó ti jiná.

"Ohun mẹ́ta ló dì í pa," ó ní. "Irin dì í, okùn dì í, ẹnu dì í. Irin àti okùn kò le. Irin tó di ara rẹ̀ mú, ẹ má fà á, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ohun tí ẹ bá fẹ́ kó dìde, ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Okùn wà lábẹ́, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá kéré ló máa gba ìsàlẹ̀ wá a. Ṣùgbọ́n ẹnu ni n kò lè ràn yín lọ́wọ́ lé lórí. Ẹni tó dè é gbọ́dọ̀ sọ níwájú ẹni tó ni ín pé òun ló dè é."

Kò wo Ìbídùn. Èmi ló ń wò.

Òjìji igi ń rìn lọ sí ọ̀dọ̀ ògiri. Ó ku ìwọ̀n apá mẹ́ta. Mo wo ọ̀run, mo wo ilẹ̀. Mo ti dojú kọ ẹkùn rí, mo ti bá erin pàdé lójú ọ̀nà tóóró, n kò sá. Ní ọjọ́ yẹn, mo ń sá fún ọ̀rọ̀ tí kò ju gbólóhùn kan lọ. Ó ku ìwọ̀n apá kan. Mo rí i tí Ìbídùn bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ rẹ̀ jáde nínú ọkọ̀, láti fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà tí kò lè parí. Nígbà náà ni mo sọ̀rọ̀.

"Ìbídùn, èmi ni," mo ní. "Èmi ni mo pa ààlè sínú ọkọ̀ rẹ lówùúrọ̀, nígbà tí o wà nínú ilé. Mo so ó mọ́ wáyà. Ẹ̀rù olè ló bà mí, n kò bi ọ́. Láti ìgbà tí wáyà ti já ni mo ti mọ̀. Mò ń wò ọ́ bí o ṣe ń sunkún, mo dákẹ́."

Ó dúró pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́.

"Láti Igbó Òùngbẹ, Ẹ̀gbọ́n?" ó ní.

"Láti Igbó Òùngbẹ."

"Ẹ sì bi mí bóyá ọwọ́ òsì ni mo fi fà á."

Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, èmi tí mo lè bí i. Mo retí èébú, èébú tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ó fi aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, ó tẹ̀ wálẹ̀, ó di apá mi mú.

"Ẹ dìde," ó ní. "Inú ń bí mi sí yín, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́jọ ni mo fi mọ ohun tó yẹ kí n sọ, tí n kò sì sọ ọ́. Ẹ̀yin sọ tiyín kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ dìde kí a ṣí i."

Bí mo ṣe dìde báyìí, ojú mi kún fún omi. Mo gbé àyà mi lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo nawọ́ kí n gba ìsàlẹ̀ wá okùn mi fúnra mi, ọwọ́ mi kò wọlé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìbídùn dùbúlẹ̀ sórí iyanrìn, ó fi ẹ̀yìn wọ abẹ́ imú ọkọ̀, ó ki ọwọ́ bọ inú òkùnkùn ibẹ̀. Ibẹ̀ gbóná, gírísì àti èérí ọ̀pọ̀ ọdún ló wà níbẹ̀. Mo gbọ́ tó ń fi eyín mí.

"Mo kan ìkarahun," ó ní.

Mo ní, "Ààlè, èmi Ọdẹ́ṣínà ni mo dè ọ́. Mo dè ọ́ lórí ohun tí kì í ṣe tèmi. Ẹni tó ni ín rèé, ọwọ́ rẹ̀ ló kàn ọ́. Mo tú ọ."

Okùn náà tú sí Ìbídùn lọ́wọ́. Ó ní òun ti rí ìdí wáyà tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ́. "Tẹ̀ ẹ́, ọdẹ," alágbẹ̀dẹ ní. Mo tẹ bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìwọ̀n ara mi, ìkọ́ sì sinmi. "Fà á, ọmọ mi." Ìbídùn fà á. Ó dún "kọ́", bọ́nẹ́ẹ̀tì sì gbé mi sókè díẹ̀ bí ẹni tó ń mí. Múráínà, ṣé ò ń gbọ́? Ẹnìkan á tẹ̀, ẹnìkan á gba ìsàlẹ̀ fà. Kò gba irin.

A dúró kí ooru rédíétọ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, Ìbídùn fi aṣọ ṣí ìdérí rẹ̀, a bu omi Ahọ́n-Gbálẹ̀ sí i títí ó fi kún. Òjìji igi náà ku ìwọ̀n ìka mẹ́rin. Ọba fúnra rẹ̀ ló pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé fún wa, ó ní kí òun kàn gbọ́ bó ṣe ń dún. A fi wọ́n sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń juwọ́, Ìbídùn sì wa ọkọ̀ náà bí n kò ṣe rí ẹnikẹ́ni wa ọkọ̀ rí. Mo ń gbọ́ tó ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ lábẹ́ ẹnu, ó ń kọ́ ara rẹ̀ bó ṣe máa sọ ọ́. "Ìyá mi, ẹ dárí jì mí. Ìyá mi, ẹ dárí jì mí."

A dé ẹnubodè Ìlú Ìdúró-Díẹ̀ nígbà tí ìdajì oòrùn ti wọlẹ̀. Ẹnubodè náà kò ní ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kàn dúró ní pápá. Àwọn tó wọ aṣọ funfun ń gba ibẹ̀ kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kò bojú wẹ̀yìn. Mo bi ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ bóyá Ẹfúnyẹmí ti wọlé.

"Ìyá tó ń tún aṣọ ró yẹn ni?" ẹ̀ṣọ́ náà ní. "Láti àárọ̀ ló ti ń tún un ró. Ẹni tó bá dé ẹ̀yìn rẹ̀, á ní kó máa kọjá lọ, òun ṣì ń tún aṣọ òun ró. Ọgọ́fà èèyàn ló ti kọjá lára rẹ̀. Ó ti sú mi láti bá a sọ̀rọ̀."

Òun nìkan ló kù. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnubodè, ó di etí aṣọ rẹ̀ mú, ó ń wo ọ̀nà tí a gbà wá. Ìbídùn sáré lọ bá a, ó kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sí i, ó la ẹnu. Ọ̀rọ̀ tó ti ń kọ́ láti àárọ̀ kò jáde. Ohun tó jáde ni, "Ìyá mi."

Ìyá náà kò wo ojú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò. Gírísì ti bo ọwọ́ náà dé ìgúnpá, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, èékánná kan ti ya, ẹ̀jẹ̀ sì wà létí rẹ̀.

"Kí lo fọwọ́ ṣe báyìí?" ìyá ní. "Ta ló ní kí o máa tún mọ́tò ṣe fúnra rẹ?"

Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbá ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, ó sì fi etí aṣọ funfun náà nù ún, ìka kan lẹ́yìn ìkejì, bí a ṣe ń nu ọwọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán. Gírísì náà ràn mọ́ aṣọ rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ sọ̀rọ̀, ó ní aṣọ tó ní àbàwọ́n kì í wọ ìlú yìí. Ìyá ń nu ọwọ́ lọ.

"Ìyá mi," Ìbídùn ní, "mo fẹ́ sọ pé..."

"Mú ọwọ́ kejì wá," ìyá ní.

Ó mú un wá. Ìyá nù ún títí ó fi mọ́. Oòrùn kù bí ojú abẹ́rẹ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì lé ara wọn, ó gbé wọn padà fún Ìbídùn bí ẹni tó ń gbé ohun kan fún olóhun, ó dìde, ó ró aṣọ rẹ̀ dáadáa, ó sì kọjú sí ẹnubodè. Ẹ̀ṣọ́ wo àbàwọ́n dúdú náà, ó wo Ìbídùn, ó sì yà fún ìyá, ìyá sì wọlé.

Ìbídùn kò rí ọ̀rọ̀ tó tìtorí rẹ̀ wá sọ. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo bi í bóyá ó dùn ún pé kò sọ ọ́. Ó ronú díẹ̀, ó ní òun ti wá ọ̀rọ̀ náà nínú ara òun láti ọjọ́ yẹn, òun kò sì rí i níbẹ̀ mọ́. Ibi tí ẹsẹ̀ mi dé nìyẹn, ibẹ̀ náà ni ẹnu mi ti sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀.